Ẹṣin tó ń sá fún agbádá

Sátidé kan nínú August 2024 ni ìyá kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi pè mí lórí fóònù, ó ní "Àǹtí Ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ lójú àánú ẹran, ẹ wá wo nǹkan lẹ́yìn ilé àkọ́kù kan lọ́nà Pòka n'Ẹ̀pẹ́ níbí, àwọn ọmọ ń jù ú lókùúta." Mo rò pé ajá ni, mo mú búrẹ́dì dání. Ìgbà tí mo yí dé ẹ̀yìn ilé yẹn, ẹṣin ni mo bá. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, búrẹ́dì lọ́wọ́, bí ẹni tó wá sóde tí òde ti tú.

Wọ́n so ó mọ́ irin ìkọ́lé tó yọrí sókè, okùn ọ̀hún ò ju apá méjì lọ. Gbogbo koríko tí ẹnu ẹ̀ tó ló ti jẹ tán, ó jẹ ẹ́ dé iyẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ wá pá róbótó bí orí bàbá àgbà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀, omi inú ẹ̀ ò kún ife kan, ìdí ẹ̀ ti yọ nǹkan aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ ń pè é ní Egungun, egungun ara o, kì í ṣe egúngún tó ń jó lójú agbo. Wọn ò sì purọ́. Ìhà ẹ̀ ṣeé kà látòkèèrè, egungun ìbàdí yọ síta débi pé o lè fi fìlà kọ́ ọ, ìdí ẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń wò wá, àmọ́ kò gbé orí sókè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí bí a ṣe ṣe é tó fi padà di ẹṣin, n ò lè máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí bó ṣe rí gan-an, tòun ti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tó fẹ́ẹ̀ pa ẹran ẹlẹ́ran. Ẹ fi sọ́kàn pé n kì í ṣe dókítà o, ẹja ni mo ń sìn, pẹ̀lú ewúrẹ́ díẹ̀.

Ẹni tó ni ín, ọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin háyà ni. Ó rà á ṣáájú Ìléyá torí Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde, tó bọ́ sí June 18 lọ́dún yẹn, ẹ rántí, ọdún tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ò jẹ́ kí fóònù ẹnikẹ́ni sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi háyà fún ìgbéyàwó méjì àti ìwúyè kan, ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ta ló sì fẹ́ háyà ẹṣin tó ń tiro, ló bá so ó mọ́lẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mọ́tò tí wọ́n ń háyà, tó bá bàjẹ́ o lè tì í wọ gàráàjì fún oṣù mẹ́ta, kò ní bèèrè omi lọ́wọ́ ẹ. Bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ro ẹṣin nìyẹn. N ò lè sọ pé ìkà ni, ó ń kí mi dáadáa títí dòní, àmọ́ ó là á mọ́ mi lójú pé "Ṣebí koríko wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Ọlọ́ṣin kọ́kọ́ ní òun á kúkú tà á fáwọn tó ń pa ẹran. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù rí, tó wà níjòkòó, wá sọ pé Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀, abala 495, sọ pé ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran lè fẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, tàbí kó san owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50! Gbogbo ilé fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín, Baálẹ̀ gan-an ń nu ojú, owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti píọ́ wọ́tà ẹyọ kan lọ. Àmọ́ oṣù 6 yẹn ni ò jẹ́ kí ọlọ́ṣin rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í na owó nìyẹn. N ò ní sọ iye tí mo san fún un, torí ọkọ mi náà ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kìlómítà kan ààbọ̀ ni láti ibẹ̀ dé ọgbà mi. Wákàtí méjì ó lé la fi rìn ín. Tó bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá á dúró, a ó fún un lómi díẹ̀, á tún gbé mẹ́wàá. Ọlọ́kadà kan kọjá, ó ní "Madam, ẹ gbé e sórí ọ̀kadà." Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín pa mí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ dáràn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ebi ń pa ẹran, kó yó, ó parí. Mo ti gbé ọkà bàbà kaná, kóńgò mẹ́ta odidi. Dókítà ẹran tí mo pè n'Íjẹ̀bú-Òde pé kó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́ fún un, mo ní ọkà bàbà sísè, ó ní "Ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí báyìí. Omi nìkan, àti koríko tí ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ."

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kejì rèé, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo nǹkan tí mò ń kọ síbí. Ẹran tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ẹ̀ ti fi ọ̀rá jẹ, ó ti ń fi ẹran ara jẹ, àwọn èròjà bíi phosphate, magnesium àti potassium ti fẹ́ẹ̀ tán nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Tó o bá wá da ọkà sí i nínú lẹ́ẹ̀kan náà, sítáàsì inú ọkà yẹn á di ṣúgà, insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á ru sókè, á wá wọ́ ìwọ̀nba èròjà tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀jẹ̀ á ṣófo, ọkàn ò ní lè lù bó ṣe yẹ, èémí á dí. Ẹṣin á jẹun, inú gbogbo yín á dùn, á wá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá, ẹ ó ní ayé ló ṣe é. Ó ní kì í ṣe ẹṣin nìkan, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ebi ti fẹ́ẹ̀ pa kú sílẹ̀, àwọn kan nínú wọn kú lẹ́yìn tí wọ́n ti rí oúnjẹ jẹ tán, ibẹ̀ làwọn dókítà ti kíyè sí i. Mo wo ìkòkò ọkà bàbà mi. Àwọn ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Dókítà fi tépù télọ̀ wọn ìgbáàyà ẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú: sẹ̀ǹtímítà 128. Ó wọn gígùn ẹ̀ láti èjìká dé ìdí: 138. Ó ní kí n fi 128 sọ 128 di púpọ̀, kí n tún fi 138 sọ ọ́ di púpọ̀, kí n wá fi 11,880 pín in. Kílò 190 ló jáde. Ẹṣin kékeré ni lóòótọ́, àwọn ẹṣin òkè ọya tiwa yìí ò tóbi bíi ti òyìnbó, àmọ́ ó ní ó yẹ kí gíga ẹ̀ gbé tó 250 ó lé. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹran ara ẹṣin, ẹnì kan tó ń jẹ́ Don Henneke ló gbé e kalẹ̀ ní Texas lọ́dún 1983, láti 1 dé 9, 1 ni egungun lásán, 9 ni àsanrajù, 5 ló dáa. O ò ní fojú lásán wò ó o, ọwọ́ lo fi máa tẹ̀ ẹ́: ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn èjìká, ìhà, ẹ̀yìn, ìdí ìrù. Tiwa gba 1, dókítà wá ní òun fi ààbọ̀ ṣàánú ẹ̀, 1 ààbọ̀.

Oúnjẹ wá di wàhálà. Lókè òkun, alfalfa, ewéko kan tí wọ́n ń sá gbẹ fún ẹran, ni wọ́n máa ń fún irú ẹ̀. Yunifásítì California tó wà ní Davis ti gbé alfalfa wò pẹ̀lú koríko oat, àti koríko oat tí wọ́n fi òróró àgbàdo sí, alfalfa ló sì dáa jù, torí sítáàsì inú ẹ̀ kéré, purotéènì àti èròjà magnesium pọ̀ níbẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí alfalfa n'Ẹ̀pẹ́? Mállàm kan tó ti ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré ní Kátsínà, tó ń ṣọ́ ilé ládùúgbò wa báyìí, òun ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní "Hajiya, harawa." Èmi ò lọ Mẹ́kà rí ṣá, àmọ́ Hajiya ló ń pè mí. Harawa yìí, ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tí wọ́n sá gbẹ ni, àwọn tó ń ta àgbò máa ń kó o wá nínú àpò. Dókítà ní ó dáa gan-an, ẹbí kan náà ni ẹ̀pà àti alfalfa, àwọn méjèèjì bá ẹ̀wà tan.

Bí a ṣe ń fún un nìyí: gíráàmù 250, lórí ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fíìdì ẹja, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tọ̀sán tòru. Aago mẹ́fà, mẹ́wàá, méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá, aago méjì òru. Kò ju kílò 1 ààbọ̀ lọ lóòjọ́, fún odidi ẹṣin. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dunni tó, kí ẹran máa lá ilẹ̀ abọ́, kó máa wojú ẹ, kó o gbé abọ́ kúrò. Aago méjì òru yẹn ló pa mí jù, ẹ̀fọn Ẹ̀pẹ́ ò ní ìwà, mo máa ń jókòó ti iná fóònù, mò ń gbọ́ bó ṣe ń rún un, kù-rú, kù-rú, lóòrè-koòrè.

Rírún tó ń rún un yìí náà ló jẹ́ ká mọ nǹkan kejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń rí kókó koríko tutù nílẹ̀, ó rí bí òkèlè tẹ́nì kan bu tí kò gbé mì. Mo rò pé ó ń yan oúnjẹ jẹ ni. Dókítà wọ gúlọ́ọ̀fù, ó fa ahọ́n ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti yọ ẹnu mímú bí ayùn, ó ti gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lójú ọgbẹ́. Eyín ẹṣin kì í dúró, ó máa ń yọ síwájú ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko tó ń lọ̀ ló ń bá a dín in kù, tí kò bá wá jẹ bó ṣe yẹ, apá kan á ga ju apá kan lọ. Nítorí náà ẹran yìí, ebi ń pa á, ẹnu ń dùn ún, ó sì ń tu èyí tó rí jẹ dànù. Fáìlì gígùn kan ni wọ́n fi rá a, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tó ṣe é, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un lábẹ́rẹ́ tó máa mú un tòògbé, ara ẹ̀ ò sì lè gbé e tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo lọ sí ọjà Olúwo lọ gbé ẹja fún oníbàárà. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ìyá dáadáa o, Ọlọ́run ń gbọ́, ó rí ẹṣin tó ń fi ẹnu gbá abọ́ òfìfo, àánú ṣe é, ó gbé èèrí àgbàdo tó sẹ́ láàárọ̀ yẹn, ó dà á sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ilẹ̀, ó ń yíjú wo ikùn ara ẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀, àyà ẹ̀ ń làágùn. Mo gbé etí lé e níkùn. Ikùn ẹṣin tára ẹ̀ dá, ńṣe ló máa ń kùn bí ẹni ń ti tábìlì lókè àjà. Tiwa, kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: ẹṣin kì í bì. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ sí àpòlúkù nìyẹn, ohun tó bá ti wọlé kò lè padà sẹ́nu. Ajá á bì, ológbò á bì, ẹṣin ò lè bì, inú lè bẹ́ mọ́ ọn nínú. Dókítà ní ká má jẹ́ kó máa yí gbirigbiri, ká mú un rìn díẹ̀díẹ̀ tó bá lè rìn, ká má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì í ṣe omi, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe epo pupa. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé epo pupa wá! Èmi àti Mállàm mú un rìn yí ọgbà po títí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí dókítà dé, ó ti rọ́bà gígùn kan bọ ihò imú ẹ̀ wọ inú, ohun tó tú jáde gbalẹ̀ kan bí ọmọ tó dojú àwo ògì dé. Ó fún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó gbọ́ bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, 76 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó wà láàárín 28 sí 44. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló tó yàgbẹ́, gbogbo wa pariwo bí ẹni tí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún.

Mi ò bínú sí ìyá ẹlẹ́kọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo ti mọ ohun tó lè pa á, mo fi pamọ́ sínú ara mi, mo gba ọjà lọ. Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: "Ẹ MÁ FÚN UN LÓÚNJẸ O, YÓÒ KÚ." Ìyá ẹlẹ́kọ ò lè kàwé, ó ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun, mo kà á, ó bú sẹ́kún. Látọjọ́ náà òun ló di sìkọ́ríítì, kò sẹ́ni tó lè gbé èèpo iṣu kọjá níwájú ọgbà yẹn.

Ọjọ́ keje, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wú bí òpó, ẹ̀rù tún bà mí, dókítà ní purotéènì ló lọ sílẹ̀ lẹ́jẹ̀, omi wá ń sọ̀ kalẹ̀, kí n máa mú un rìn, á fà. Ó fà lóòótọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá a bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye ìgbà kù, a ń fi kún èyí tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta harawa wà níwájú ẹ̀ tọ̀sán tòru, pẹ̀lú koríko eèsún tútù tí àwọn ọmọ ń gé wá, àti òróró díẹ̀ lórí ẹ̀. Ọkà bàbà ọjọ́sí, oṣù kejì ló tó fojú kàn án.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò n'Íbàdàn, 19 ni ohun tí wọ́n ń pè ní PCV, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kó ju 30 lọ. Mo ti rò ó pé eṣinṣin tsetse ni, ṣebí òun ni ò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nílẹ̀ igbó wa látayébáyé, Ọ̀yọ́ ilé ní ẹlẹ́ṣin rẹpẹtẹ torí ọ̀dàn ni, bí ẹṣin bá ti wọ inú igbó ìsàlẹ̀ yìí, ó di ìranù. Wọn ò rí kòkòrò àìsàn tí eṣinṣin yẹn máa ń gbé kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa. Aràn àti ebi ló mu ún lẹ́jẹ̀. Aràn náà, dókítà ò jẹ́ ká yára lé e, ó ní tí aràn púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan nínú ìfun tó ti rẹ̀ báyẹn, wàhálà ni. Ọ̀sẹ̀ kẹrin la tó fún un ní ivermectin tí wọ́n ń fún lẹ́nu, máíkírógíráàmù 200 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù kẹ́ ẹ fi gún ẹṣin, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, ibi tí wọ́n bá gún un lè wú kó sì jẹrà.

Egbò ẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gàárì tí wọn ò fi nǹkan tẹ́ abẹ́ ẹ̀ ti bó awọ èjìká ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìdin wà nínú ọ̀kan. Ìjánu ti ya ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ti san, ó ti le. Àpá kẹ́ṣẹ́, irin ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin, wà níkùn, ọ̀nà bíi mọ́kànlá. Okùn ló jẹ ẹsẹ̀ tó fi ń tiro. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ gbà, torí ẹṣin wà lára àwọn ẹran tí àìsàn yẹn ń mú kíákíá, lẹ́yìn náà, omi sísè tó ti tutù, ṣíbí tíì kan ààbọ̀ iyọ̀ sí lítà kan, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àti oyin gidi lójú egbò. Oyin gidi n'Ẹ̀pẹ́ náà, ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Pátákò ẹ̀ ló fà mí lójú jù. Ó ti gùn, iwájú ẹ̀ tẹ̀ sókè bíi bàtà àwọn ọba inú fíìmù, abẹ́ ẹ̀ ń rùn bí ẹja tó sùn sínú bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Mállàm ló ń gé e, kò gé e tán lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Ọjọ́ kan ó fi ìka fa ìlà kan hàn mí lókè pátákò, níbi tó ti pàdé irun, ó ní "Ebi nìyí." Pátákò máa ń hù láti òkè bọ̀ nílẹ̀ bí èékánná, ó tó mílímítà 8 lóṣù, nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n á hù ní wọ́gọwọ̀gọ, nígbà tí oúnjẹ bá padà dé á tún hù dán. Ìlà yẹn wá dà bí ibi tí wọ́n sàmì sí nínú ìwé. Mo máa ń wò ó lóṣooṣù bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Orúkọ Egungun, kò wù mí. Oṣù kejì ló fún ara ẹ̀ ní orúkọ: tí aago mẹ́fà bá lu tí oúnjẹ ò tíì dé, á gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọparun ọgbà, gbà-á, gbà-á, títí a ó fi dá a lóhùn. Ọmọ mi ní "Ẹ dákun ẹ dá Alága lóhùn." Ó di Alága.

Àmọ́ ẹran ara padà, ìbẹ̀rù ò lọ. O ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ ga ju èjìká lọ, ó ti sá, orí ni wọ́n ti máa ń lù ú. Mállàm kọ́ mi pé tí mo bá ń lọ bá a, kí n má gba ẹ̀yìn, kí n má sì kojú sí i ní tààrà, torí ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó ń rí fẹ́ẹ̀ yípo, àmọ́ kò rí ẹ̀yìn ìdí ẹ̀ gan-an àti iwájú orí ẹ̀, èjìká ni kí n gbà, tó bá ti dá etí sẹ́yìn, kí n padà kó tó lé mi. Kí n padà kó tó lé mi, ìyẹn lẹ́kọ̀ọ́ tó le jù fún mi. Mo wá dá ọgbọ́n kan: mo máa ń gbé àpótí jókòó sínú ọgbà, mo kọ̀yìn sí i, mò ń ṣa ẹ̀wà. N ò wò ó, n ò pè é. Ọjọ́ méjìdínlógún. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, atẹ́gùn gbígbóná kan fẹ́ sí mi lọ́rùn, irun imú ẹ̀ kàn mí létí, n ò mí, ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi imú gbọ́n mi ní gèlè wò, ó yọ ọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo ti rò pé ó parí. December, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ìrun Jímọ̀ dé, ó wọ agbádá léésì funfun, ó ní òun fẹ́ wo ẹṣin tí àwọn èèyàn ń sọ. Kò tíì ju ẹsẹ̀ bàtà ogún sí ọgbà tó fi ká agbádá lé èjìká, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ká a, fùù. Alága fò. Ó já ọparun méjì, ó fẹ́ẹ̀ tẹ ewúrẹ́ pa, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn tàńkì ẹja, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú. Bọ̀ọ̀dá ní "Kí ni mo ṣe fún un?" Kò ṣe é ní nǹkankan. Àwọn tó ń gùn ún lóde, tí wọ́n ń fi kẹ́ṣẹ́ gún un níkùn káwọn fọ́tógíráfà lè rí i kó máa jó, kí ni wọ́n wọ̀?

Mo tọrọ agbádá àlòkù kan lọ́wọ́ ọkọ mi, mo fi kọ́ sára okùn aṣọ lókèèrè, níbi tó ti lè rí i tí kò ní ṣe é ní nǹkankan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò jẹun títí ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ kan, a sún un súnmọ́ díẹ̀. Tó bá ti dá etí sẹ́yìn a ó gbé e padà. Nígbà tó yá a so ó mọ́ ọgbà, a ń gbé harawa sábẹ́ ẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ ẹ, ó ń fò sókè sódò, Alága ń yọjú, ó ń já ẹnu kan, ó ń sá. Lẹ́yìn ìyẹn Mállàm wọ̀ ọ́, àmọ́ ó jókòó, kò dìde fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn èèyàn tó ń kọjá rò pé orí ti dà wá rú, ọkùnrin tó wọ agbádá jókòó sórí àpótí láàárín koríko, tí kò sọ̀rọ̀, obìnrin kan ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ní October, ìṣirò tépù gbé kílò 212. Nígbà tí December fi máa parí, 234. April 2025, ìgbáàyà ẹ̀ di 149, ìyẹn kílò 258, dókítà tẹ̀ ẹ́ yí po, ó ní 5. Ìlà pátákò yẹn ti kù díẹ̀ kó dé ilẹ̀. Kò tiro mọ́, àmọ́ egbò ẹ̀yìn èjìká hu irun funfun, dókítà ní kò ní dúdú mọ́, èmi náà ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni di gàárì lé e. Ìlù gángan náà máa ń dẹ́rù bà á, ìyẹn la ò tíì rí ṣe. Tí wọ́n bá ń ṣe pátì ládùúgbò mo máa ń lọ dúró tì í ni.

Ṣáájú Ojúde Ọba June 2025, fóònù mi ò sinmi. Wọ́n ti gbọ́ pé Ìyá Ẹlẹ́ṣin wà n'Ẹ̀pẹ́. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun á san ìlọ́po méjì, òun á fi ọkọ̀ wá gbé e, òun á gbé e padà lálẹ́. Mo ní ẹṣin ò sí fún háyà. Ó ní ṣebí ó ti sanra, òun rí fọ́tò. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn ni Bọ̀ọ̀dá ń wọlé bọ̀ láti Jímọ̀, agbádá aláwọ̀ sánmà lọ́rùn, ó ti kọ́ ọgbọ́n, kò ká a mọ́, ó rọra ń fà á nílẹ̀. Alága fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó nà ọrùn kọjá ọparun, ó ti gbogbo imú bọ inú apá agbádá yẹn, ó ń wá ewé ẹ̀pà, Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n fìbọn yọ sí, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé "Ìyàwó, kí n ṣe kí ni báyìí? Kí n ṣe kí ni?" Ọkùnrin orí fóònù ṣì ń bèèrè èló ni mo fẹ́. Mo gbé fóònù sínú àpò kí n lè lọ ya fídíò.